Ìlànà Gbígbé Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Sórí Jáàkì Láìséwu

Ìfáárà

Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ táyà mọ́tò, jáàkì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, táyà mẹ́ta yòókù á sì wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú yàtọ̀. Piper Arrow, ọkọ̀ kékeré oní-ẹ́ńjìnnì kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1967, máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé bó bá gbéra. Láti yẹ kíká ẹsẹ̀ yìí wò, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ṣe pàtàkì nínú ààbò ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju agbára jáàkì lọ.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì Lórí Jáàkì

Abẹ́ apá ọ̀tún àti ti òsì ni àyè jáàkì wà, níbi tí irin àgbéró la inú apá kọjá. Jáàkì kò gbọdọ̀ kan ibòmíràn, nítorí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara apá, jáàkì sì lè dá a lu. Imú ni ẹ́ńjìnnì wà, ó sì ń fa iwájú ọkọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ń so ìrù mọ́ ohun ìdúró kan, wọ́n á sì di ẹrù bíi 250 páùn lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbé ìkòkò ró. Níhìn-ín, méjì ń gbé ọkọ̀ sókè, ẹ̀kẹta ń fà á wálẹ̀.

Ẹni tó ru àtẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá mú ọjà kúrò lápá kan, àtẹ lè dà sí apá kejì. Bákan náà, bí wọ́n bá yọ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ìwúwo yóò sún sẹ́yìn, ọkọ̀ sì lè yẹ̀ lulẹ̀ lé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kàn gun inú ọkọ̀ lásán pàápàá lè dá irú ewu yìí sílẹ̀.

Àwọn Ìgbésẹ̀

(a) Kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka ìwé ìlànà ọkọ̀ náà, nítorí àyè jáàkì yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn.

(b) Kí iṣẹ́ wáyé nínú ilé, lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú. Afẹ́fẹ́ ni apá fi ń gbé ọkọ̀ fò. Ìjì tó bá fẹ́ lójijì lè mì ín kúrò lórí jáàkì.

(d) Kí apá méjèèjì máa gòkè lọ́gbọọgba. Bí jáàkì ti ń ga, kí wọ́n máa yí nọ́ọ̀tì ìdádúró rẹ̀ tẹ̀lé e, kí ó lè gbé ọkọ̀ ró bí òróró inú jáàkì bá jò. Bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, ó tó.

(e) Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde, kí ó sì ti há dáadáa. Kí wọ́n kó irinṣẹ́ gbogbo kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tú bíréèkì, kí táyà lè yí díẹ̀ bí ìwúwo ti ń padà sórí rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi rúlà, ìka méjì àti òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí rúlà yóò ṣubú sí kí olùkọ́ tó mú òkúta kan kúrò. Irú ìbéèrè yìí gan-an ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó tú nọ́ọ̀tì kankan lára ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì.