Ẹyẹ Tí Ó Ń Fi Orin Alágbàtọ́ Rẹ̀ Wá Aya

Ẹyẹ kékeré kan wà tí àgbẹ̀ a máa rí ní ìgbà òjò nínú pápá koríko, láti etí òkun títí dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àti nínú irú ilẹ̀ tútù tí odò Ògùn máa ń bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn Ketu àti Ikosi, ní agbègbè Kosofe. Akọ rẹ̀ dúdú lẹ́yìn, ó funfun níkùn, ẹnu rẹ̀ pọ́n, ìrù rẹ̀ sì gùn ju ara rẹ̀ lọ. Abo rẹ̀ dàbí ológoṣẹ́ lásán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ìtẹ́ ẹyẹ yìí kiri, nítorí kò ní. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, àti ní ilẹ̀ wa, nígbà púpọ̀, sí ti ẹyẹ kóńkó kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Onítọ̀hún ni yóò sàba, òun ni yóò sì bọ́ ọmọ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Àlejò yìí kì í ti ọmọ onílé jáde, èyí tí ó dára ju ìwà àwọn ẹyẹ mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà náà, báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ ìran rẹ̀? Ọmọ ẹ̀gà ń gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ọjọ́ tí ojú rẹ̀ ti là. Kò lè ṣì wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ohùn baba rẹ̀ rí, ta ni yóò fẹ́?

Ìdáhùn tí ó ṣe kedere jù lọ wà lọ́dọ̀ àwọn ìbátan onírù-gígùn yìí, tí wọ́n dúdú bí aṣọ tí a rẹ sínú aró. Nítorí èyí a ó pè wọ́n ní ẹyẹ aláró. Irú wọn tó bí 10 ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Onírù-gígùn kì í kọ orin alágbàtọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ aláró a máa kọ ọ́. Orin tí ó gbọ́ nínú ilé tí a ti tọ́ ọ ni ó ń kọ nígbà tí ó bá dàgbà. Abo pẹ̀lú kò gbàgbé orin náà: akọ tí ó bá ń kọ ọ́ ni ó ń tọ̀ lọ, ìtẹ́ irú ẹyẹ kan náà ni ó sì ń wá nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin.

Robert Payne, ti University of Michigan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998 àti 2000. Wọ́n jẹ́ kí ẹyẹ ilé kan tí ó ti Éṣíà wá, tí kì í ṣe ti Áfíríkà rárá, tọ́ àwọn ọmọ aláró. Àwọn akọ kọ orin àjèjì náà. Àwọn abo sì yan àwọn tí ń kọ ọ́, wọ́n sì yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹyẹ àjèjì náà.

Kí òǹkàwé ro ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí abo aláró kan bá ṣèèṣì yé ẹyin sínú ìtẹ́ tí kì í ṣe ti àwọn ìyá rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì yè, wọn yóò mú orin tuntun jáde. Láàárín ara wọn ni wọn yóò ti máa fẹ́ra, nítorí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kò ní dùn létí wọn. Kò sí odò tàbí òkè láàárín ẹbí méjèèjì. Ẹ̀ka igi kan náà ni wọ́n lè bà lé, síbẹ̀ wọn kì í fẹ́ra. Ní 2003, Michael Sorenson, Kristina Sefc àti Payne fi àbùdá àwọn ẹyẹ náà hàn pé ìyapa àwọn aláró kò pẹ́ rárá, àti pé àwọn alágbàtọ́ wọn ti yàtọ̀ síra tipẹ́tipẹ́ ṣáájú. Ọ̀nà kan náà lè tún so ẹbí pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé alágbàtọ́ aláró mìíràn ni abo náà yé ẹyin sí, inú ìran yẹn ni ọmọ rẹ̀ yóò ti fẹ́ aya. Ohùn nìkan ni ògiri tí ó wà láàárín wọn, kò sì nípọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yani lẹ́nu jù ni òkè Jos, níbi tí ọ̀dùnkún òyìnbó ti ń wá sí ọjà Mile 12. Payne gbọ́ orin àwọn aláró ibẹ̀, orin náà kò sì bá ti ẹyẹ pupa tí àwọn ènìyàn rò pé ó ń tọ́ wọn mu. Bí ọmọ bá ń kọ orin, a jẹ́ pé ẹnì kan ni ó kọ́ ọ. Wọ́n wá olúkọ́ náà títí wọ́n fi rí i láàárín àwọn àpáta: ẹyẹ pupa kékeré tí ìwé kankan kò tíì fún ní orúkọ tirẹ̀. Ní 1998 ni Payne kọ nípa rẹ̀. Ọmọ àgbàtọ́ ni ó tọ́ka sí ilé.

Aláró Jos kò ní alágbàtọ́ mìíràn tí a mọ̀. Bí a bá sun koríko ẹsẹ̀ àpáta, tí a gé igbó rẹ̀ fún igi ìdáná títí ẹyẹ pupa náà fi tán, aláró yóò bá a lọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn méjèèjì ṣì wà nínú igbó Amurum ní Laminga, lẹ́bàá ìlú Jos, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ, èyí tí a fi orúkọ A. P. Leventis pè, ti ń ṣọ́ wọn.