Bí Ẹ̀yà Ara Ṣe Ń Fọwọ́sowọ́pọ̀ Kojú Ooru

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú Àbújá, kìlọ̀ fún ará ìlú nípa ooru tó mú janjan. Irú ooru bẹ́ẹ̀, tó máa ń mú ní Àbújá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ìdánwò fún gbogbo ara.

Ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ fura. Bí ara bá fẹ́ gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n 37°C lọ, yóò mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ fẹ̀. Ọkàn yóò yára gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀; bí òógùn bá sì ti ń gbẹ, ara yóò máa tutù. Kí omi má baà tán lára, kíndìnrín yóò dín ìtọ̀ kù, òùngbẹ yóò sì máa gbẹni.

Bí omi bá tán, àjọṣe yìí yóò dàrú. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó dákú, wà nínú ewu ikú. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi omi sẹ́nu ẹni tó dákú.