Jọ́gíráfì: Ọ̀dọ̀ àgbà Ayépé ni ìdáhùn wà

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì mu, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé orúkọ òkè àti odò nìkan ni ọmọ ń há sórí níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ èèyàn ni: ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ohun tí wọ́n ń gbìn, ọjà tí wọ́n ń ná, àti ohun tó ń mú wọn ṣí kúrò nílé.

Ní Ayépé, níjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè ṣàlàyé ọjà ọrọọrún fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Owó ọwọ́ ará abúlé kò tó èyí tí ọjà yóò fi kún lójoojúmọ́. Nítorí náà, àwọn ìlú tó sún mọ́ra pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí oníṣòwò lè ná ti ibí lónìí, kó sì ná ti ọ̀hún lọ́la. Ọ̀mọ̀wé B. W. Hodder ṣèwádìí irú ọjà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, òun àti U. I. Ukwu sì gbé ìwé jáde lórí ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1969. Ohun tí ìyá àgbà mọ̀ ló di ìwé yẹn.

Bákan náà ni ogun Ìmàgbọ́n, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú lóṣù karùn-ún ọdún 1892. Ọ̀nà ló dá ìjà sílẹ̀. Ìjẹ̀bú wà láàárín ọ̀sà àti ìlú òkè, wọn kò sì jẹ́ kí oníṣòwò Èkó kọjá bó ṣe wù ú. Ibi tí ìlú wà lè sọ ọ́ dolówó, ó sì lè kó ogun bá a.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 1980, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Jọ́gíráfì lágbàáyé. Ó dágbére fáyé lọ́dún 2022.

Ohun tó ń kọni lóminú ni pé ọmọ lè mọ London lórí máàpù, kó má mọ ẹni tó kọ́kọ́ dáko sí abà baba rẹ̀, tàbí ìdí tí wọ́n fi ti ilé kan pa di ìgbà ọdún Ojúde Ọba. Bí àgbà tó mọ̀ ọ́n bá lọ, ìwé kankan kò ní í sọ ọ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá mú bírò wá béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́, ẹ má lé e. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.