Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ojú Alámì Láti Jàpáànù Lórí Fóònù Onítọ́ọ̀ṣì

Àwọn àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá dúró ní ojúkojú, ẹnu nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ojú ń sọ̀rọ̀, ohùn náà ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, lẹ́tà nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ wo gbólóhùn kékeré yìí: "O se o." Bí ọ̀rẹ́ ẹni tó yá ìwé wa bá dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí a sì fi "O se o" ránṣẹ́ sí i, ṣé à ń dúpẹ́ ni àbí inú ń bí wa? Kò sí bí yóò ṣe mọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, Scott Fahlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi :-) sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àwàdà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Ènìyàn ní láti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó rí ẹ̀rín náà. Ní Jàpáànù, ní nǹkan bí ọdún 1986, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé sí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo (^_^). Èyí dúró ṣánṣán, kò sí pé à ń yí ọrùn. Kaomoji ni wọ́n ń pè é: kao ni ojú, moji sì ni lẹ́tà. Nínú ti Amẹ́ríkà, ẹnu ló ń fi inú hàn. Nínú ti Jàpáànù, ẹyinjú ni. Ẹ ò rí i pé ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́!

Díẹ̀ nínú wọn nìyí:

(^_^) ẹ̀rín àti ayọ̀.
(T_T) ẹkún, T kọ̀ọ̀kan ni ojú tí omijé ń ṣàn láti inú rẹ̀.
(-_-) ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.
(>_<) ìrora, ojú tí a dì pinpin.
(o_O) ìyanu, ojú kan tóbi ju èkejì lọ.
(^_^;) ẹ̀rín onítìjú; àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ni òógùn tó ń kán.
m(_ _)m ẹ̀bẹ̀ tàbí ọpẹ́. M méjèèjì ni ọwọ́ tó wà nílẹ̀, orí sì wà láàárín wọn. Ọmọ Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí fífi àmì sọ̀rọ̀. Àrokò ni àwọn baba ńlá wa ń pa ránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn wa fà sí i, nítorí pé fà wà nínú ẹẹ́fà. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra, nítorí pé jọ wà nínú ẹẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba àrokò gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ojú alámì.

Ní ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ọdún 2005, Nokia kéde pé wọ́n ti ta fóònù tó pé bílíọ̀nù kan, Nokia 1100 ni fóònù náà, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti tà á. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì yẹn àti àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí wa ní Kàbà, ní Mọ̀pà àti ní Ìsánlú. Bí a bá fi àwòrán ojú aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lórí fóònù tuntun ránṣẹ́ sí wọn, àpótí òfìfo ni wọ́n sábà máa ń rí. Jàpáànù náà ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1999, Shigetaka Kurita ya 176 nínú wọn fún fóònù ilé-iṣẹ́ DoCoMo. Ọdún 2010 ni wọ́n wọ Unicode, ìyẹn àkójọ àmì ìkọ̀wé gbogbo àgbáyé, fóònù onítọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò sì mọ̀ wọ́n. Ojú tí a fi àkámọ́ àti ìlà ṣe kò ní irú ìdààmú yìí. Ohun tó wà nínú fóònù Màmá náà ni a fi ṣe é.

Báwo ni a ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Lórí ọ̀pọ̀ Nokia àtijọ́, bí ẹ bá ti wà níbi tí a ti ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì oníràwọ̀, ìyẹn *, àwọn àmì yóò sì tò jáde. Ẹ yan àkámọ́, ẹ padà síbẹ̀ yan èyí tó kàn, títí ojú yóò fi pé. Bí fóònù bá ń fúnra rẹ̀ bá yín parí ọ̀rọ̀, ẹ tẹ * mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ náà pẹ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ ojú tí ẹ fẹ́ràn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù.

Ẹ fi ojú sí owó náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Àmì ^ wà lára àwọn tí fóònù ń kà sí méjì, nítorí náà (^_^) jẹ́ méje nínú 160 yẹn, ṣùgbọ́n (T_T) jẹ́ márùn-ún péré. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àkójọ GSM bá wọ inú ọ̀rọ̀ náà, 160 yóò di 70, àtẹ̀jíṣẹ́ kan sì lè di méjì tàbí mẹ́ta.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa. Àwọn ará Yúróòpù tó ṣe àkójọ náà fi à, è, ì, ò, ù àti é síbẹ̀ nítorí èdè tiwọn. Kò sí á, í, ó, ú níbẹ̀. Kò sí ẹ, ọ, ṣ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ Yorùbá láìsí àmì. Bí arábìnrin wa kan bá dúró ní gáréèjì, tó sì fi "Oko mi ti de" ránṣẹ́ sílé, ṣé ọkọ̀ ló dé àbí ọkọ? Ojú alámì kò lè yanjú ìyẹn. Bó fi (^_^) sí i, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i! Ó sàn kó kọ "Moto ti de."

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Bí ọ̀rọ̀ bá lè ṣini lọ́nà, ẹ fi àmì ohùn sí i, kódà bó gba owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ pé bí inú ṣe rí ni ẹ fẹ́ fi hàn, ojú alámì tó. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí àgbà, m(_ _)m kò lè gba ipò "ẹ" àti "yín". Ẹ kọ́kọ́ kí wọn dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún orz pẹ̀lú. Lẹ́tà mẹ́ta ni, kò gba àmì kankan: o ni orí, r ni ọwọ́ tó tẹlẹ̀, z ni orúnkún. Lójú tiwa, ẹni tó ń júbà ni. Lójú àwọn ará Jàpáànù, ẹni tí ìrètí rẹ̀ ti pin ni. Ẹ má fi í dúpẹ́ owó ìwé lọ́wọ́ Bàbá tó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o, kí wọ́n má baà rò pé ẹ ti fìdí rẹmi!