Kí afọ́jú tó sanwó ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà

Láti Ìjanikin títí dé Àgbádárìgì, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé pọ̀ lẹ́bàá títì. Lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń bá ènìyàn tẹ̀. Bí afọ́jú bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé báwo ni yóò ṣe máa rí ojú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ìyẹn ti wà tipẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú pàápàá kì í wo bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀. Ètò tí wọ́n bá yàn sórí ẹ̀rọ ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ afọ́jú lọ́wọ́.

Ètò tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè ni ìpìlẹ̀. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ìjàǹbá ọkọ̀ gba ojú rẹ̀, ló dá ilé iṣẹ́ tó gbé JAWS jáde ní 1989 sílẹ̀. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju apá ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ní 2006, Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ NVDA, èyí tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí. Òun ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ lò.

Ètò akàwé yìí kì í wo àwòrán. Ọ̀dọ̀ ètò ìkọ̀wé ló ti ń bèèrè pé: ọ̀rọ̀ wo ló wà níbí, kí ni orúkọ bọ́tìnì yìí? Bí ẹni tó ṣe ètò ìkọ̀wé náà bá kàn ya àwòrán sórí bọ́tìnì láì fún un lórúkọ, “bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì” ni afọ́jú yóò máa gbọ́, kò sì ní mọ èyí tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń pa á rẹ́.

Fún lẹ́tà àti ìwé gbogbo, Microsoft Word bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ dáadáa. LibreOffice Writer, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, náà ṣeé lò. Aríran tó fẹ́ kọ àkọlé a kàn mú lẹ́tà tóbi, a mú un dúdú, ó parí. Ojú nìkan ni ìyẹn ń bá sọ̀rọ̀. Nínú Word, kí afọ́jú tẹ Ctrl, Alt àti 1 pọ̀, ìlà náà yóò di àkọlé tòótọ́, tí ètò akàwé yóò fi orúkọ pè nígbà tó bá débẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni títo ojú ìwé fún ìtẹ̀. CorelDRAW àti InDesign, tí àwọn atẹ̀wé wa fẹ́ràn, ojú àti máòsì ni wọ́n gbé lé: fa àpótí yìí wá síbí, sún àwòrán yẹn sọ́hùn-ún. N kò ní gba afọ́jú níyànjú láti fi owó rẹ̀ lé wọn. LaTeX ni kí ó wò, èyí tí Leslie Lamport ṣe ní àwọn ọdún 1980 lórí TeX tí Donald Knuth ti ṣe ṣáájú. Ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo àṣẹ inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ àkọlé yóò kọ \section, yóò sì fi àkọlé náà sínú àkámọ́. Ẹ̀rọ ni yóò to ìlà, tí yóò wọn àlàfo, tí yóò sì fi nọ́ńbà sí ojú ìwé. Ó ní ìnira tirẹ̀: àkámọ́ kan ṣoṣo tí a gbàgbé láti pa dé lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró, kíkọ́ rẹ̀ sì gba sùúrù.

Èdè Yorùbá wá ní wàhálà tirẹ̀. Crowther, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jáde ní 1843, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí kan náà ní 1845. Títí di òní, àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà ṣì ń dá wa láàmú. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ni wọ́n ti fi lẹ́tà àyípadà tẹ̀: ojú rí “ẹ”, ṣùgbọ́n àmì mìíràn ni kọ̀ǹpútà fi pamọ́. Aríran kò ní fura, etí afọ́jú ni yóò tú àṣírí. Nítorí náà, ètò tó bá ń lo Unicode nìkan ni kí a gbà, kí a sì fi Keyman, ọ̀fẹ́ ni òun náà, tẹ àwọn àmì. Kí olùrà kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, kí ó fi wọ́n pamọ́, kí ó ṣí wọn padà, kí ó sì fi bọ́tìnì ọfà gbọ́ wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì lè pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, ṣùgbọ́n àmì kankan kò gbọdọ̀ sọnù.

Federal Nigeria Society for the Blind ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn afọ́jú ní Oṣòdì. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn sí Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn bá àwọn tó ti kọ́ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí ó tó náwó. Lẹ́yìn náà, kí a pa iná ojú kọ̀ǹpútà, kí afọ́jú kọ lẹ́tà ojú ìwé kan, kí ó tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, kí ó sì fi pamọ́. Bí ó bá ní láti bi ẹni tó jókòó tì í pé “kí ló wà níbẹ̀ yẹn?”, kí ó má tíì sanwó.