Òjìji, Ibòòji àti Inú: Àlàyé lórí Títúmọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ombre nínú èdè Faransé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe pọ̀. Igi tí ó ta ẹ̀ka bo ilẹ̀ ní ombre. Ènìyàn tí ó dúró nínú oòrùn ní ombre. Àwọn òkú inú ewì àtijọ́ ń jẹ́ ombre, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá sì ń pe apá kan nínú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé, tí ó wá ń kọ ìwé kíkà fún àwọn àgbàlagbà ní Manigri, yóò fẹ́ rí ọ̀rọ̀ Yorùbá-Nàgó kan tí yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀. Òjìji ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òjìji ni ohun dúdú tí ó ń hàn nílẹ̀ tàbí lára ògiri nígbà tí ara kan bá dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ó ní olówó rẹ̀, ó ní ìrísí, ó sì ń bá olówó rẹ̀ rìn. Ibòòji ní tirẹ̀ jẹ́ ibi: a ń wọ̀ ọ́, a ń jókòó sí i, a sì ń jáde kúrò níbẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ń tẹ́ àga wọn sí bí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ibòòji ni a ń sá sí bí oòrùn bá mú.

Òótọ́ ni pé ìwé ti da ààlà náà rú láti ìgbà pípẹ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, òjìji ni àwọn olùtúmọ̀ lò fún ààbò Ọlọ́run nínú Orin Dáfídì 91, òjìji kan náà ni wọ́n sì so mọ́ ikú nínú Orin Dáfídì 23. Ìtura ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀rù ni ti èkejì. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ Bíbélì láti kékeré kò ní kọsẹ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń ka ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́ lè kọsẹ̀.

Ọ̀ràn ohùn tún wà níbẹ̀. Òjìji ni èyí tí ó ń tẹ̀lé ènìyàn. Òjijì ni ohun tí ó dé láìròtẹ́lẹ̀, bí a ti ń sọ pé ikú òjijì. Ibòòji, tí àwọn mìíràn ń kọ ní ibòji, ni ibi tútù. Ibojì ni ibi tí a ń sin òkú sí. Àwọn tí ó fẹ́ kí a yọ àmì ohùn kúrò nínú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lágara, yẹ kí wọ́n gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yìí láìsí àmì: «Bàbá wà ní ibòji.» Àríyànjiyàn lórí ɛ àti ẹ, ɔ àti ọ, tí ó ya ìwé Benin sọ́tọ̀ kúrò lára ti Nàìjíríà, kò kan àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rárá. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì. Àmì ohùn nìkan ni ó lè sọ fún òǹkàwé bóyá bàbá ń sinmi tàbí ó ti kú.

Kí ni òjìji jẹ́ nínú èrò Yorùbá nípa ènìyàn? William Bascom, nínú ìwé rẹ̀ ti 1969, ròyìn pé wọ́n ń ka òjìji pọ̀ mọ́ ẹ̀mí àti orí. Ẹ̀mí ń gbé inú àyà, oúnjẹ sì ni ó ń gbé e ró. Orí ń gba ẹbọ. Ṣùgbọ́n òjìji kò jẹ, kò mu, kò sì ní iṣẹ́ kankan ju pé kí ó máa tẹ̀lé ara. Pierre Verger, ẹni tí ó di babaláwo ní Kétou ní 1953, kọ̀wé lórí ọ̀ràn ènìyàn àti ìdílé láàrin Yorùbá nínú àkójọ kan tí a tẹ̀ ní Paris ní 1973. Àwọn Fɔn náà ń ka yɛ, èyí tí í ṣe òjìji, mọ́ àwọn ohun tí ó para pọ̀ di ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí olùtumọ̀ fi sọ́kàn ni pé òjìji Yorùbá kì í ṣe ibi, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹlẹ́gbẹ́ ara ni.

Èyí ni kò jẹ́ kí ìtàn Peter Schlemihl, tí Adelbert von Chamisso kọ ní èdè Jámánì ní 1814, rọrùn láti sọ ní Manigri. Ọkùnrin náà ta òjìji rẹ̀ fún àlejò kan tí ó wọ aṣọ eérú, ó sì gba àpò tí wúrà kì í tán nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń sá fún un. Òǹkàwé Nàgó lè béèrè pé kí ni òjìji ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀. Ìtàn tí ó sún mọ́ èrò ilé ni ti Amos Tutuola ní 1952, níbi tí ọ̀mùtí náà ti ta ikú rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀rù rẹ̀ yáni, tí ó ń gba èlé lóṣooṣù. Nínú ìwé kan náà, ọkùnrin tí ó pé pérépéré ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku agbárí nìkan. Ara ni a yá níbẹ̀. Òjìji kò wọ inú ọjà náà.

Ti Plato kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé keje Republic, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a dè mọ́lẹ̀ nínú ihò àpáta ń wo òjìji lára ògiri, wọ́n sì rò pé ohun gidi ni. Òjìji ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ níbẹ̀, àfi pé ó gba àlàyé: ẹ̀tàn kò sí nínú òjìji fúnra rẹ̀, ojú tí kò tíì rí iná tí ó wà lẹ́yìn ni ó ń ṣìnà. Ẹni tí ó bá ti wo sinimá lára aṣọ funfun ní alẹ́ yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Nínú sinimá Nosferatu, tí F. W. Murnau ṣe ní 1922, òjìji òkú amùjẹ̀ náà ni ó ń gun àtẹ̀gùn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gùn sí i, kí olówó rẹ̀ tó yọjú. Fún ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ara ni òjìji ń wà, ìdáyàfò náà di ìlọ́po méjì.

Ibi tí òjìji kò bá a mu rárá ni iṣẹ́ Carl Gustav Jung, onímọ̀ ará Switzerland. Ohun tí ó fi ọ̀rọ̀ náà pè ni àwọn ìwà tí ènìyàn kọ̀ láti gbà pé òun ní, tí ó sì ń rí lára ẹlòmíràn. Bí a bá kọ òjìji níbẹ̀, òǹkàwé yóò rò pé oòrùn ni a ń sọ. Yorùbá ti ní ilé fún ohun tí ó pamọ́ nínú ẹ̀dá: inú ni. A ń fi ọ̀rọ̀ sínú, a ń finú han ọ̀rẹ́, a sì ń sọ pé inú ẹnìkan jìn. Síbẹ̀, inú nìkan kò tó. Ohun tí ènìyàn fi sínú, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí Jung ń sọ, ẹni náà kò mọ̀ ọ́n. «Apá inú tí ènìyàn kọ̀ láti mọ̀ pé òun ní» gùn, kò sì dùn létí bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Fún kíláàsì, òjìji gidi ni ó yẹ kí ó ṣáájú ti ìwé, pàápàá ní Bassila, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ Anii nílé, tí ó sì dára kí a tọ́ka sí nǹkan kí a tó dárúkọ rẹ̀. Kí a ri ọ̀pá tí ó ga ní mítà 1 mọ́lẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀sán gangan níbẹ̀ kì í ṣe aago 12: ní nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 53 ni òjìji ń kúrú jù ní àárín oṣù kẹrin. Ní ìparí oṣù Kejìlá, òjìji ọ̀sán yóò tó sẹ̀ǹtímítà 63, yóò sì kọjú sí àríwá. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Bassila àti Manigri, mọ̀ pé àkókò ìrun àlàásárì ń wọlé nígbà tí òjìji bá gùn tó ohun tí ó ni ín, lẹ́yìn tí a bá ti yọ òjìji ọ̀sán kúrò. Ní Kejìlá, èyí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 163 fún ọ̀pá náà, ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi okùn wọ̀n fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, òjìji yóò sá sábẹ́ ọ̀pá. Lẹ́yìn náà yóò yí sí gúúsù, ní òpin oṣù kẹfà yóò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 26, kò sì ní padà sí àríwá títí di ìparí oṣù kẹjọ.