Awárin Tí Ó Yẹ Etí Òkun

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a fi ń wá irin, idẹ, fàdákà tàbí wúrà nínú ilẹ̀ rí. Ọ̀pá kan, àwo roboto nísàlẹ̀, àpótí kékeré lókè: ojú wọn jọra, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. N ó pè é ní awárin nínú àròkọ yìí. Ọmọ Ṣakí ni mí, ilẹ̀ yangí ni a bí mi sí. Ṣùgbọ́n yangí náà ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ etí òkun yé wa.

Wáyà tí a ká ni ó wà nínú àwo awárin. Iná mànàmáná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá a máa rán agbára òòfà sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, iná díẹ̀ yóò dìde nínú irin náà, yóò dáhùn, ẹ̀rọ yóò sì ké. Ní 1881, Alexander Graham Bell fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ọta ìbọn nínú ara James Garfield, olórí Amẹ́ríkà. Kò rí i. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé wáyà irin wà nínú ibùsùn aláìsàn. Ohun tí ó yí nǹkan ká náà a máa fọhùn.

Irin pọ̀ nínú yangí, nítorí náà awárin lè máa ké lórí ilẹ̀ lásán títí a ó fi tún un tò. Ní etí òkun Àgbádárìgì, iyọ̀ ni ọ̀tá. Iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35 wà nínú lítà omi òkun kan, omi iyọ̀ sì ń gba iná kọjá. Iyanrìn gbígbẹ kò ní wàhálà púpọ̀. Èyí tí omi òkun rin ni ó ń tan ẹ̀rọ jẹ.

Oríṣi awárin mẹ́ta ni kí a mọ̀. Èkíní ń lo ìgbì iná kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó sì dára lórí iyanrìn gbígbẹ. Lórí iyanrìn tútù, ariwo ni yóò máa pa; bí a bá sì dín agbára rẹ̀ kù, òrùka wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ lè bá iyọ̀ dákẹ́, nítorí ìdáhùn wọn jọra. Èkejì ń lo ìgbì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi ìdáhùn wọn wéra, ó sì ń yọ ti iyọ̀ kúrò. Ẹ̀kẹta ń tan iná, ó ń pa á, ó wá ń tẹ́tí: ìdáhùn iyọ̀ a tètè kú, ti irin a pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣó yàtọ̀ sí òrùka.

Èkejì ni mo fara mọ́ fún iyanrìn tútù, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Ẹ̀kẹta yẹ ẹni tí gbígbẹ́ ilẹ̀ kò sú. Kí ẹni tí ń rà á béèrè bóyá àpótí rẹ̀ náà lè wọ omi, nítorí nínú ọ̀pọ̀ awárin, àwo nìkan ni omi kò lè bà jẹ́. Bí a bá ti òkun dé, kí a fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Òfin 77 ti ọdún 1979 kò gbà pé kí ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe ní Àgbádárìgì, ìbáà ṣe ní ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹni tí òrùka rẹ̀ bọ́ lánàá lè wá a. Ṣùgbọ́n idẹ àtijọ́ tí a hú láìkọ ibi tí ó wà àti ohun tí ó bá a wà sílẹ̀, ìtàn rẹ̀ ti sọnù, awárin kankan kò sì lè bá wa wá a.